Ìyá Onídìrí Tí Kì Í Kúnlẹ̀

Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ni mo fi ń jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ìjagun, ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì gbé wá ni mo máa ń kà nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Báyìí ni mo ṣe mọ díẹ̀ nípa òfin, díẹ̀ nípa ilẹ̀ oko, díẹ̀ nípa bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára nínú wọn, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ nípa eré ìdárayá gbé ìwé ńlá kan ka orí káńtà, tó ní kí n bá òun ṣe ẹ̀dà ojú ìwé díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo da ìwé bo gíláàsì, iná kọjá lábẹ́ rẹ̀, bébà jáde. Àwòrán ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Mo mú un dání, mo sì dúró.

Oríkèé tó so ìka mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ti wú, ó yọ gọnbu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà ọmọńdinrín, bí koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́ láti apá kan. Bí ọ̀tún ti rí ni òsì rí.

"Bùọ̀dá, ẹ ti dúró," ọmọbìnrin náà wí.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ ta báwo? Àwòrán inú ìwé ni."

"Ọwọ́ ìyá tó bí ìyá mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Mo tẹ ẹ̀dà kan sí i tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí, mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi di ọ̀la. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ oríkèé ti gbà mí lọ́kàn. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi títí pé kí n yéé bi àlejò bí orúnkún rẹ̀ ṣe jí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo mú bébà náà lọ bá Ìyá Àgbà nílé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan bó ti máa ń ṣe. Ìborùn yẹn kì í kúrò níbẹ̀, bóòrùn ń mú, bí òtútù ń mú. Mo tẹ́ bébà náà síwájú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló ya ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, Ìyá. Obìnrin òyìnbó kan ni."

"Irọ́ ni. Èmi nìyí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti bébà náà dànù, ó wá bèèrè lóhùn kékeré: "Ó ń ṣe òyìnbó náà?"

"Ó ń ṣe wọ́n, Ìyá."

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Rúmátọ́ìdì àtíráítìsì."

Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu, ó fi í sílẹ̀. "Kò sí arọ nínú ẹ̀?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìbéèrè yẹn. Làkúrègbé là ń pe gbogbo ìrora oríkèé nílé wa. Àwọn mìíràn ń pè é ní arọmọléegun, Ìyá Àgbà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ kejì yìí pe nǹkan kan lójú òun rí, nítorí "arọ" ni ẹnu kọ́kọ́ ń kàn níbẹ̀. Mo sọ fún un pé kò sí arọ nínú orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó dára," ó ní. "Bá mi fi bébà yẹn pamọ́."

Ó ti padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá lọ́dún tó kọjá. N kò fẹ́ ka ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn tó dàgbà jù mí lọ mọ ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, àti ẹnu rẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ ló fi bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú sì ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ń ṣe fọ́ńté lórí rẹ̀ nílé wa, àìsàn ni.

Ìyá Onídìrí ni àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Àwọn tó ti jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ rí sọ fún mi pé bó bá di ṣùkú fún èèyàn, ọ̀sẹ̀ méjì ni, kò ní yẹ̀. Màámi, tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ kejì, ṣì jẹ́ ọmọge nígbà tí iṣẹ́ náà parí, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Ìyàwó oníṣòwò kan wá dirun Iléyá. Ìyá Àgbà fi ìlàrí la irun náà sọ́nà, ó mú èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ dì, ó fi í sílẹ̀, ó tún un mú, ó tún fi í sílẹ̀. Ó wá gbé ìlàrí kalẹ̀.

"Ẹ dìde."

"Ìyá, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ kẹ̀."

"Orí yín dọ̀tí. Mi ò dirun mọ́."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Àwọn ará ilé jáde, wọ́n ní ṣé ayé ń bàjẹ́ ni. Ìyá Àgbà ti wọlé. Àwọn oníbàárà wá bẹ̀ ẹ́ títí, òmíràn fọ orí ẹ̀ wá pẹ̀lú ọṣẹ olóòórùn dídùn, ó ní kí Ìyá gbóòórùn rẹ̀ wò. Kò gbà. Òwú ìdìrun àti ìlàrí ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà níwájú ilé kan náà. Tí o bá wá ra òwú, kò ní mú un fún ọ. Á fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ júwe ọpọ́n, á ní, "Mú un fúnra ẹ. Ṣé èmi ni màá máa bá ẹ ṣa òwú ni?" Gbogbo àdúgbò gbà pé ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ lórí. Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ kò lè pàdé ara wọn mọ́ láti di fọ́nrán irun mú. Ẹni tó bá tún wá bẹ̀ ẹ́, èsì kan ló ní fún un: "Ẹni tó bá fẹ́ dirun, kó gba Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ. Wọn kì í wo orí níbẹ̀."

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn o. Kì í ṣe gbogbo ìgbéraga rẹ̀ ni làkúrègbé. Gààrí tí kò bá kan, ó máa ń pè é ní oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé. Ó lè wo gèlè obìnrin tó ń kọjá lọ, kó ní, "Ta ló bá ẹni yẹn jà?" Ìyẹn jẹ́ ti ara rẹ̀, Ọlọ́run ló fi jíǹkí rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti mọ̀ nìyẹn. Ó ti ní ẹnu tẹ́lẹ̀ kí àìsàn tó dé, àìsàn wá rí ibi sápamọ́ sí.

Bọ́tìnnì ńkọ́? Kì í wọ aṣọ tó bá ní bọ́tìnnì. "Ti ọlọ́pàá ni bọ́tìnnì," ló máa ń wí. Ìgò ńkọ́, ọmọ tó bá wà nítòsí ló ń ṣí i. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti na ìgò sí wa pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. A rò pé bí ayaba ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo rántí ọjọ́ tí mo bi í pé kí ló dé tí kì í ṣí ìgò fúnra rẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Nítorí kí ni mo ṣe bímọ?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé kọ́ mi, nítorí ilé yẹn fúnra rẹ̀ ìbá tó ìwé fún ẹni tó bá lójú. Làkúrègbé mẹ́ta ló ń gbé ibẹ̀ pa pọ̀.

Bàbá Àgbà ní tirẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí a bá jẹ ẹran Iléyá tán, á sùn ní àlàáfíà, á sì jí kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú, kó pọ́n, kó gbóná, débi pé aṣọ ìbora kò gbọdọ̀ kàn án. Wọ́n ní ó ti fẹsẹ̀ tẹ ohun tí ọ̀tá gbé sílẹ̀. Gáòtù ni. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí kíndìnrín máa ń dà nù, ó sì máa ń pọ̀ sí i lára ẹni tó bá jẹ ẹran pupa àti ẹ̀dọ̀ àti ìfun jù, tàbí tó ń mu ọtí. Bí kíndìnrín kò bá lè dà á nù tán, á dì sínú oríkèé bí iyọ̀ wẹ́wẹ́ tí orí rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ọ̀tá wà lóòótọ́, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló wà.

Ti àbúrò Bàbá Àgbà obìnrin wà ní orúnkún. Èmi máa ń rò ó pé gbogbo àgbàlagbà ló ní irú èyí, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù. Kerekere, ìyẹn ìrọ̀rí yíyọ̀ tó wà lórí egungun kí egungun má baà máa ha egungun, ló ń gbó. Ọjọ́ orí ń fà á, ara wíwúwo ń fà á, ẹrù rírù láti kékeré ń fà á, egbò àtijọ́ tó ti ba oríkèé jẹ́ rí náà ń fà á. Orúnkún á máa dún pàpà bó bá ń gun àtẹ̀gùn. Bó bá sinmi, á rọ̀. Bó bá ti ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, á ké. Bó bá jí láàárọ̀, oríkèé á le díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó ìdajì wákàtí tí á fi tú.

Ti Ìyá Àgbà yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ọmọ ogun inú ara, àwọn tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, ló ṣi ilé wọ̀. Awọ tó bo inú oríkèé ni wọ́n ń gbógun tì. Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun náà gan-an tó ń ṣì wọ́n lọ́nà. Obìnrin ló ń ṣe jù, ó lè máa rìn nínú ẹbí, sìgá a sì máa dá kún un. Oríkèé kéékèèké ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì bákan náà, kó tó dé orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Àárọ̀ ló ń burú jù. Oríkèé á ti le bí ìgbà tí wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́, á pẹ́ ju wákàtí kan lọ kó tó rọ̀, ìsinmi kì í sì í wò ó, kàkà bẹ́ẹ̀ ṣe ló ń dá kún un. Á máa rẹ èèyàn láìṣe iṣẹ́, èèyàn á máa rù.

Òmíràn tún wà tí kò sí nílé wa, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó wà: kí kòkòrò àrùn wọ inú oríkèé kan ṣoṣo, kó wú lójijì pẹ̀lú ibà tó ga. Ẹni tí ìyẹn bá ṣe kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nílé, ọsibítù ni.

Ọ̀rá òjòlá kan náà ni gbogbo wọn fi ń pa á.

Àbúrò Bàbá Àgbà tí mo wí yìí ni Ìyá Àgbà ń pè ní Eyínfúnjowó. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ọkọ ni Eyínfúnjowó jẹ́ sí i, orí ìkúnlẹ̀ ló sì yẹ kó ti máa kí i. Ní àárọ̀ Iléyá, àwọn ìyàwó ilé á tò, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á kí àwọn ọmọ ilé. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Gbogbo wọn wà nílẹ̀, Ìyá Àgbà nìkan ló dúró láàárín wọn, ó tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó," Eyínfúnjowó pè é, gbogbo èèyàn ń gbọ́, "ilẹ̀ ilé wa ń jó ọ ni?"

"Léèsì ló wà lára mi, Eyínfúnjowó. Ilẹ̀ ilé yín dọ̀tí."

Yéè! Ẹ̀rín pa àwọn ìyàwó kéékèèké, wọ́n fi gèlè bo ẹnu. Eyínfúnjowó kò rẹ́rìn-ín. Láti ọdún náà ni wọ́n ti dá ìpín ẹran Iléyá Ìyá Àgbà dúró; wọ́n á gbé ti gbogbo ìyàwó kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá Àgbà bẹ̀bẹ̀ títí, wọn kò gbà. Àwa ọmọ-ọmọ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ìwé. Bí ọmọ kan bá halẹ̀ mọ́ wa, èsì wa ti wà nílẹ̀: "Ìyá wa kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni!" A ń fi orúnkún tó ń dùn ún yangàn. Òun náà gbọ́ pé a ń sọ bẹ́ẹ̀, kò dá wa lẹ́kun. Nígbà tí wọ́n tún gbé ẹran kọjá lọ́dún kejì, ó wò ó títí ó fi wọ inú yàrá kejì, ó ní, "Ẹran àgbò le. Ẹ jẹ́ kí eyín mi sinmi."

Nǹkan kan wà tí ìbá ti tú àṣírí rẹ̀ bí a bá fara balẹ̀. Kì í kírun níbi tí a ti lè rí i. Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kó jókòó kírun, ó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó máa bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i lórí àga nígbà ìrun á mọ̀ pé kì í ṣe nítorí léèsì. Nítorí náà, ó ń jí ṣáájú gbogbo ilé, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á jókòó tì í títí ìka á fi rọ̀ díẹ̀, á wá ti ilẹ̀kùn, á kírun lórí àga. Nígbà tí a bá máa jí, ó ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Màámi bi í nígbà kan pé ṣé Ìyá ò kírun mọ́ ni. Ó ní, "Èmi àti Ọlọ́run ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ṣé ó yẹ kí ẹ wà níbẹ̀?"

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo fi bébà náà hàn án, ó fúnra rẹ̀ ní kí n mú un wá kí òun tún un wò. A jọ jókòó. Mo wá bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún wọ̀nyí.

"Ta ni kí n sọ fún?"

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá á sọ fún àbúrò ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ á sọ fún gbogbo Ìjẹ̀bú." Ó yọ ọwọ́ kan jáde lábẹ́ ìborùn, ó gbé e sójú oòrùn. "Ìka tó bá rí báyìí, kí làwọn èèyàn ń pè é?"

Mo mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀tẹ̀ ni. Ta ló máa fara balẹ̀ wádìí bóyá kì í ṣe òun? Onídìrí ni mí, orí àwọn èèyàn ni mo ń fọwọ́ kàn. Ìyá ẹ ti tó relé ọkọ, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà ti tó. Bí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ọmọ, wọ́n á wádìí ilé, àbí wọn kì í wádìí? Kí ni wọ́n ń bi aládùúgbò? Ṣé wèrè wà ńbẹ̀? Ṣé wárápá wà ńbẹ̀? Ṣé ẹ̀tẹ̀ wà ńbẹ̀? O ti gbọ́ ọ rí tí wọ́n bèèrè pé, ṣé ìyá wọn ń gbéra ga?"

"Rárá, Ìyá."

Ó dá ọwọ́ rẹ̀ padà sábẹ́ ìborùn. "Wọn kì í torí ìgbéraga ìyá kọ ọmọ."

Mo mú un lọ sí ọsibítù lẹ́yìn náà. Dókítà tẹ oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó ya egungun ọwọ́. Ó sọ òótọ́ fún un pé ìka tó ti yẹ̀ kò ní padà, ṣùgbọ́n ìrora á dín. Ìyá Àgbà bi í pé bí òun bá ti wá nígbà tí òun ṣì ń dirun ńkọ́. Dókítà náà wo ojú mi kó tó dáhùn. Ó ní oògùn wà tó máa ń dá àwọn ọmọ ogun inú ara lẹ́kun, pé ẹni tó bá tètè lò ó, ìka rẹ̀ lè má yẹ̀ rárá. Mo rò pé á sunkún. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn, bí oníṣòwò.

"Ọmọ méjì ni mo fi ìka mẹ́jọ rà," ó wí. "Kò wọ́n."

Àìsàn yìí kọ́ ló pa á. Ọjọ́ orí ló mú un lọ, lójú oorun. Ní ọjọ́ fìdáù rẹ̀, àgbàlagbà kan nínú ẹbí dìde sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyàwó wa tí kì í kúnlẹ̀ fún èèyàn, ó ti kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run báyìí." Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín náà pa èmi tí mo mọ òótọ́, kí n tó rí i pé ó ti jáde lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni ààfáà ṣe àdúà. Gbogbo wa tẹ́wọ́, a ṣe àmín, a fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú. Màámi nìkan ni kò pa ojú. Ó ń ṣe àmín, ẹnu rẹ̀ ń mì, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìborùn.

Èmi tí mo máa ń wo ẹsẹ̀ àlejò lójú ọ̀nà kò tíì wo ọwọ́ ìyá mi rí títí di ọjọ́ yẹn.

Mo fi bébà náà han Eyínfúnjowó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti darúgbó, àga ni wọ́n fi ń gbé e káàkiri nítorí orúnkún tirẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣe ìyàwó wọn. Ó wo àwòrán náà pẹ́. "Ẹran tí a ò fi ránṣẹ́ sí i yẹn," ó wí, kò sì parí rẹ̀.

Màámi kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun. Bí mo bá ní kó na ọwọ́, á ní òun ń bọ̀. Bí mo bá dárúkọ ọsibítù, á bi mí bóyá mo ti di dókítà. "Bébà lo ń tẹ̀ o, má gbàgbé." Ìdí wà tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà sì mọ̀ ọ́n: àbúrò mi obìnrin, Kúdírátù, ti rí ẹni tí á fẹ́, ẹbí ọkọ sì ń bọ̀ láti Ayépé. Ọ̀nà tí Ìyá Àgbà tọ̀ nígbà náà ni Màámi náà ń tọ̀.

Wọ́n dé, ọkùnrin àgbàlagbà kan àti obìnrin kan tó jẹ́ àǹtí ọkọ ìyàwó. Kúdírátù kúnlẹ̀, ó gbé omi fún wọn. Ọ̀rọ̀ ń dùn bọ̀, títí tí ọkùnrin náà fi wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi o. A gbọ́ pé ìyá àgbà tó lọ, ọwọ́ wọn... pé ìka wọn... Kí ló ṣe é gan-an?"

Èmi ni ó wò, nítorí èmi ni ọkùnrin ilé. Ìbéèrè tí mo ti ń dúró dè láti ọdún wọ̀nyí nìyẹn. Mo lè sọ irú rẹ̀, orísun rẹ̀, àmì rẹ̀, oríkèé tó kọ́kọ́ ń mú. Ẹnu mi kò gbé e.

"Ọjọ́ orí ni, sà," mo ní. "Wọ́n ti dàgbà."

Ọkùnrin náà ti ń mi orí, ó ti gbà á. Mo gbọ́ ohùn Màámi láti orí àga rẹ̀.

"Irọ́ lọmọ mi ń pa." Ó ká ìborùn kúrò, ó gbé ọwọ́ méjèèjì ka orí tábìlì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí wọn kò tíì mu. Oríkèé ìdí ìka rẹ̀ ti ń yọ. "Kì í ṣe ọjọ́ orí. Orúkọ míì la ti ń pè é nílé yìí tipẹ́. Ẹ wò ó dáadáa. Tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé ó ń ràn?" ọkùnrin náà bèèrè.

Kúdírátù ló dá a lóhùn, orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà. "Kò ràn, sà. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa torí ìka kọ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tètè sọ. Mo níṣẹ́ lọ́la."

Àǹtí náà bú sẹ́rìn-ín, ó lu itan. "Ẹnu ìyá àgbà yín tí wọ́n ń sọ nìyí! Wọ́n sọ fún wa pé wọ́n ń gbéra ga."

"Wọn ò gbéra ga, mà," Màámi wí. "Ó ń dùn wọ́n ni."

Ìgbà yẹn ni ẹnu mi wá là. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kerekere, mo dé orí ọmọ ogun ara, mo sọ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń jogún rẹ̀, mo ti fẹ́ lọ mú bébà nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́wọ́ sókè. "Ó tó, ọmọ mi, ó ti yé wa. Ọ̀rọ̀ ìyàwó la bá wá." Wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n padà wá, ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n mú wá. Ohun tí Ìyá Àgbà fi ìka mẹ́jọ rà, ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta ni Màámi san. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ìbá rí nígbà tiwọn. Ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ìtìjú tó kù fún mi ni pé n kò lè jókòó ti Ìyá Àgbà mọ́ kí n bi í.

Màámi bá mi lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń dá àwọn ọmọ ogun lẹ́kun, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, nítorí oògùn náà lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Ìka rẹ̀ kò tíì yẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wo aago láti ìgbà tó bá jí títí ìka rẹ̀ á fi lè kan àtẹ́lẹwọ́, kó máa sọ fún mi. Níbẹ̀rẹ̀, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni. Nígbà tí oṣù kẹta máa parí, ó ti bọ́ sí ogójì ìṣẹ́jú. Ti Ìyá Àgbà kò ní aago. Oòrùn ló fi ń wọ̀n ọ́n, àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì.

Lówùúrọ̀ òní, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, Màámi pè mí. Kò dúró gba ìkíni mi.

"Ìṣẹ́jú méjìlá," ó wí. "Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nígbà tí mo kírun, mo forí kanlẹ̀."